Ọwọ́ Rẹ Ni Mo Gbọ́

Ṣọ́ọ̀bù Alágbàfọ̀,
Ẹ̀yìn Pósọ́fíìsì.
Ọjọ́ Ajé, kí àwọn oníbàárà tó dé.

Àbúrò mi àtàtà, Ọwọ́-Yá, ọmọ ìyá mi,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo sì kí ọ kú agídí, nítorí agídí rẹ ló jẹ́ kí n máa kọ ìwé dípò kí n gbọ́ ohùn rẹ. Ara ńkọ́? Ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kí ó bá ọ nínú ìlera, kí inú tó ń bí ọ sì ti rọ̀ díẹ̀. Àwa níhìn-ín ò jẹ gbèsè àìsàn. Bàbá àwọn ọmọ ń wa ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ lọ, ó ń wà á bọ̀. Àwọn ọmọ ń kí ọ. Èyí àgbà ti ga jù mí lọ báyìí, kò sì jẹ́ kí n gbádùn. Bó bá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á gbé ọwọ́ lé mi lórí bí ẹni pé èmi ni ọmọ, òun ni ìyá.

Kí n tó sọ nǹkan míì, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ jà. Ìgbà mọ́kànlá ni mo pè ọ́ lórí fóònù. Mo kà á. Ó dún, ó dún, o ò gbé e. Ṣáájú ìyẹn, nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo ní ẹ ṣeun o, ó ti rántí pé òun ní ẹ̀gbọ́n. Mo já a, ojú ìwé kan péré. O ní iṣẹ́ ń lọ ní ilé ìkẹ́rùsí tí ẹ ti ń to agolo ọ̀dà. O ní òjò ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ. O ní o ti rí ẹni tó máa ra gìtá rẹ, pé ní ìparí oṣù yìí ló máa wá gbé e. Ó parí. Mo yí ìwé náà sí ẹ̀yìn, òfìfo ni. Mo gbọn àpò ìwé bí ẹni gbọn àpò ṣòkòtò, kò sí nǹkan kan tó já bọ́ níbẹ̀.

Ọwọ́-Yá, ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí o ti kúrò nílé. O ò kọ lẹ́tà sí mi rí kí o má sọ àwo orin tí o ń gbọ́. Kódà ní ọ̀sẹ̀ tí a sin bàbá wa, o kọ̀wé sí mi nípa àwo kan tí o gbé sórí ẹ̀rọ kí oorun lè gbé ọ. Mo ṣì ní lẹ́tà yẹn lọ́wọ́. Èyí tó dé yìí kò ní orin nínú rárá. Ìyẹn ló já mi láyà ju ọ̀rọ̀ gìtá lọ, nítorí mo mọ̀ ọ́. Bí ìwọ bá sọ pé o ò gbọ́ nǹkan kan, a jẹ́ pé nǹkan ti ṣe ọ́ gan-an nìyẹn.

Èmi ò ní fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ ọ́. Àwọn tí mo ń gbọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí rèé. Àkọ́kọ́ ni ti obìnrin kan tó jókòó ti dùùrù, tó ń kọrin jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ò fẹ́ jí ọmọ. *Ọ̀sán Kan Ṣoṣo* ni wọ́n pe àwo náà. Mo ń fi í lọ aṣọ. Orin kìíní gba ṣẹ́ẹ̀tì méjì, orin kejì gba ṣẹ́ẹ̀tì kan àti ṣòkòtò kan, orin kẹrin gùn débi pé mo lọ aṣọ ìbora ńlá kan tán kó tó dákẹ́. Ìkejì ni ti àwọn bàbá mẹ́sàn-án kan tí wọ́n ń fọn fèrè. Fèrè nìkan, kò sí ẹni tó kọrin. O máa fẹ́ràn rẹ̀. Ọkọ mi ní ó dà bí ìgbà tí fèrè ọkọ̀ òun há, tí kò dákẹ́ mọ́. Mo ní kó lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ìkẹta ló mú mi kọ lẹ́tà yìí, àmọ́ má kánjú, mò ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ ná. Èmi náà jẹ̀bi. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin yín pè ọ́ sẹ́yìn sítúdíò, tó ní ọwọ́ rẹ ò gún, pé àwọn máa nu gbogbo ohun tí o ta sínú orin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kúrò, pé àwọn á pe onígìtá gidi wá tún un ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èmi gan-an gbà á gbọ́. Mo rò pé ọ̀gá ni, ó mọ ohun tó ń sọ. O búra pé o ò ní fi etí rẹ gbọ́ àwo náà láéláé, èmi náà sì bá ọ búra. Mo tún wá kọ̀wé sí ọ pé ọkùnrin tó ní ọwọ́ méjì ò gbọdọ̀ máa fi wọ́n bẹ̀bẹ̀, pé kí o gbé gìtá tì, kí o wá iṣẹ́ tí wọn ò ti ní fi ọ́ wọ́lẹ̀. Mo rò pé ọgbọ́n àgbà ni mò ń sọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ẹnu ara mi ló gbé mi ṣubú. Má bínú sí mi.

Ó yá, gbọ́. O mọ ẹgbẹ́ wa, àwa mẹ́rin tí à ń pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Bàbá Oníbàtà. Bàbá ló ni ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù, àwọn náà ló ni òfin. Ẹni tó bá gbé àwo wá á fi ìwé ìròyìn wé páálí rẹ̀ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ojú gbọ́ orin. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí orin bá ń lọ. Èyí tí wọ́n sì fi ń pè wá ní Ẹgbẹ́ Ẹ-Jẹ́-Ó-Parí ni pé a kì í gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo, títí ẹ̀rọ á fi dá ara rẹ̀ dúró. Bí orin bá tán, tó ku ariwo ṣà-ṣà-ṣà, a ó jókòó, a ó máa gbọ́ ṣà-ṣà-ṣà. Bàbá Oníbàtà ní àwọn kì í yọ bàtà kúrò lórí igi kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, àwọn ò sì ní tìtorí orin yí ìwà padà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń fi òfin yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Àwọn méjì yòókù, ọ̀kan ni Nọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, tó máa ń wọlé pẹ̀lú bàtà funfun rẹ̀, tí á sì bọ́ ọ bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. Èkejì ni Tíṣà oníṣirò, tí a ń pè ní Ẹ̀rí-Dà. Ìwà rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Bí o bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, tí òjò ọ̀hún sì ń kán sí i lórí, á ní, "Ẹ̀rí dà?" Àmọ́ kò ní ìkà nínú. Kì í gba irọ́, kì í sì í pa á.

Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Nọ́ọ̀sì ló kàn kó gbé àwo wá. Ó ti fi ìwé ìròyìn wé e dáadáa. Bàbá Oníbàtà gbé abẹ́rẹ́ lé e. Orin kìíní lọ, ó dára, kò burú. Mo na ẹsẹ̀, mò ń ronú ṣẹ́ẹ̀tì lọ́yà kan tí mo jó lọ́rùn lọ́jọ́ Jímọ̀ àti irọ́ tí mo máa pa fún un. Orin kejì wọlé. Ìlù lọ díẹ̀, fèrè dá sí i, gìtá bàásì sì dé. Mo ká ẹsẹ̀ mi kò. Mo gbàgbé lọ́yà. Gbogbo irun ara mi dìde.

O ṣáà rántí gìtá tí ọ̀rẹ́ bàbá wa gbé fún ọ nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Okùn tó nípọn jù lọ ti já, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀. Odindi ọdún méjì lo fi kọ́ ọ lórí okùn mẹ́ta. Nígbà tí okùn kẹrin máa fi dé, ọwọ́ rẹ ti gba ọ̀nà tirẹ̀. Níbi tí gbogbo onígìtá ti máa ń sọ̀kalẹ̀, ìwọ á gòkè, bí ẹni tó bá ilẹ̀kùn ní títì tó gba ojú fèrèsé wọlé. Ògiri kan ló wà láàárín yàrá rẹ àti tèmi. Mo ti fi orí gbá ògiri yẹn, mo ti bú ọ, mo ti ju bàtà lù ú. Ṣé èmi ni wọ́n máa wá sọ fún pé mi ò mọ ọwọ́ yẹn?

Mo dìde, mo kígbe nínú orin pé, "Àbúrò mi nìyẹn!" Bàbá Oníbàtà wò mí bí ẹni tó rí mi tí mo tutọ́ sílé wọn. Tíṣà ní kí n jókòó. Mo ní mi ò jókòó. Mo já ìwé ìròyìn kúrò lára páálí. Ọwọ́-Yá, orúkọ ẹgbẹ́ yín ló wà níwájú. Èmi tí mo búra pé mi ò ní gbọ́ ọ, mo ti gbọ́ ọ láìmọ̀. Mo yí páálí sí ẹ̀yìn, mo wá orúkọ rẹ. Ẹni tó kọrin wà níbẹ̀, ẹni tó lu ìlù wà níbẹ̀, ẹni tó fọn fèrè wà níbẹ̀. Níwájú gìtá bàásì, orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà.

Ni Tíṣà bá ní, "Ìyá Alágbàfọ̀, ẹ̀rí dà? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún wa pé wọ́n ti nù ún kúrò, pé wọ́n ti pe ẹlòmíì?" Mo ní ọwọ́ yẹn ni mò ń wí, mi ò wí orúkọ. Ó ní èèyàn méjì lè ní ọwọ́ kan náà. Mo ní ìwọ lo lè ní ọwọ́ kan náà pẹ̀lú ẹlòmíì, àbúrò mi ò ní. Nọ́ọ̀sì ń pẹ̀tù, a sì ń pariwo bò ó mọ́lẹ̀. Ariwo wá pọ̀ débi pé Bàbá Oníbàtà bínú dìde, wọ́n sì gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo ní àárín orin. Ọdún mẹ́fà, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ó dà bí ìgbà tí àgbàlagbà bú sẹ́kún lójú ọmọdé. Bàbá ní kí kálukú máa lọ ilé rẹ̀.

Tíṣà tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dùn mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìfẹ́ ọmọ ìyá kì í ṣe ẹ̀rí." Mo ní tí mo bá ṣì í, kí n má gbé àwo kankan wá sí ẹgbẹ́ fún odindi ọdún kan. Ó ní òun ò bá mi ta irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní mo ti ta á.

Mo bínú lọ aṣọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ, bí o bá fi ọwọ́ kàn án, á gé ọ. Ṣùgbọ́n tó bá di pé èmi nìkan ló kù pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rù á máa bà mí. Mò ń bi ara mi pé, ṣé kì í ṣe pé mo fẹ́ kó jẹ́ ìwọ ni? Ṣé kì í ṣe ẹ̀bi tí mo jẹ ló ń sọ̀rọ̀ sí mi létí? Bí mo bá sì kọ̀wé sí ọ pé ọwọ́ rẹ wà nínú àwo, tó wá já sí pé kò sí níbẹ̀, mo ti tún dá ọgbẹ́ yẹn sílẹ̀ nìyẹn. Ìparí oṣù sì ń bọ̀, ẹni tó fẹ́ ra gìtá ń bọ̀. Ìyẹn ni mo fi pè ọ́ ní ìgbà mọ́kànlá. Mo kàn fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ ni.

Ọjọ́ Àìkú kejì pé, a pàdé. Kò sí ẹni tó bá ẹnì kan ṣeré. Bàbá Oníbàtà ní a máa gbọ́ ọ láti ojú kìíní dé ojú kejì, ẹni tó bá la ẹnu, àwọn á lé e jáde, wọn ò sì yọ ara wọn sílẹ̀. Tíṣà mú ìwé àkọsílẹ̀ àti pẹ́ńsùlù dání. Ó ní òun máa fa ìlà kan fún gbogbo ibi tí gìtá yẹn bá ti gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀. Orin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn dákẹ́, mo yọjú wo ìwé rẹ̀: ìlà mọ́kànlélógójì. Ó gbé e sí mi lójú, ó mi orí, ó tún ju èjìká sókè, bí ẹni tó ń sọ pé ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibẹ̀. Ìrètí mi rọ̀. Àwo ń yí, ṣà-ṣà-ṣà, ṣà-ṣà-ṣà. Kò sí ẹni tó dìde. Òfin ni.

Ibi tí a jókòó sí la ti gbọ́ ọ. Àga kan dún. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ohùn kan wá wí pé, "Ẹ má bínú o, ọwọ́ mi ló tún sáré. Ẹ jẹ́ ká tún un gbà." Lẹ́yìn ìyẹn, ṣà-ṣà-ṣà, ẹ̀rọ sì dá dúró.

Ọwọ́-Yá! Ohùn rẹ ni! Ọ̀rọ̀ tí o máa ń sọ láti ìgbà tí o wà ní kékeré, tí a fi sọ ọ́ ní Ọwọ́-Yá, ló jáde láti inú ẹ̀rọ Bàbá Oníbàtà, tí ẹ̀rín rẹ sì wà nínú rẹ̀. Mo bú sẹ́kún. Mi ò tijú sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì, tó ti ń gbọ́ àwo náà nílé láti oṣù kan, ní òun ò mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, nítorí bí orin tó kẹ́yìn bá ti tán lòun ti ń wá bàtà láti lọ sẹ́nu iṣẹ́. Tíṣà, ẹ̀dá burúkú, ní báwo la ṣe mọ̀ pé ohùn rẹ ni. Mo wá fóònù mi, mo wá ibi tí o ti kí mi kú ọjọ́ ìbí lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí o fi ohùn ránṣẹ́, mo fi í gbọ́. Ó gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Arákùnrin yín ni." Èmi ò gbọ́ ọ kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Bàbá Oníbàtà ló ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ yé wa, tí àwọn náà fi ń lu itan wọn. Kò sí onígìtá gidi kankan tí wọ́n pè. Kò sí ẹni tó tún nǹkan kan ta. Bí wọ́n bá ti tún un ta, ṣé ẹni tó wá tún un ta ló máa gbé ohùn rẹ wá síbẹ̀? Orúkọ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Àwọn tó yọ ọ́ kúrò nínú páálí kò sì ní sùúrù tó láti gbọ́ àwo ara wọn dé òpin, ni wọ́n fi fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Èyí ò tiẹ̀ lọ ju ọdún kan lọ kó tó kọ lu ẹgbẹ́ wa.

Nítorí náà, gbọ́ mi dáadáa. Ọ̀gá yẹn ní ọwọ́ rẹ ò gún, ó sì gbé ọwọ́ tí kò gún yẹn sínú orin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó tà á káàkiri. Bí ọwọ́ rẹ ò bá dára, kí ló fi í ṣe? Inú mi ń dùn, àbúrò mi. Mò ń fi ọ́ yangàn débi pé ó ti sú àwọn èèyàn. Mo ti sọ fún lọ́yà tí mo jó ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbàgbé láti bínú. Mo ti sọ fún ọkùnrin tó ń ka mítà iná. Ọkọ mi, tí kò mọ orin yàtọ̀ sí fèrè ọkọ̀, gbọ́ orin kejì nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì kọjá ibi tó yẹ kó yà. Nígbà tó dé, ó ní, "Àna mi ló fà á." Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Òun náà ń yangàn.

Nọ́ọ̀sì ní kí n fi àwo tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, òun ti gbà á sórí fóònù. Ó wà nínú ẹrù tó bá lẹ́tà yìí wá. Bàbá Oníbàtà fi awọ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rán àpò fún un, ẹni tó bá fẹ́ kán an nínú ọkọ̀ pósọ́fíìsì á ṣiṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé o búra. Èmi náà búra, mo sì ti da ìbúra tèmi. Gbé abẹ́rẹ́ lé e. Jókòó. Má dìde nígbà tí orin bá tán.

Ní ti orúkọ rẹ tí wọ́n yọ, Tíṣà ti kọ ìlà mọ́kànlélógójì rẹ̀ sínú ìwé tó mọ́, ó ní ìgbàkígbà tí o bá fẹ́ bá wọn sọ ọ́, òun á dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìyẹn kù sí ọ lọ́wọ́. Mi ò ní sọ fún ọ mọ́ pé ṣe báyìí, má ṣe báyìí, mo ti rí ibi tí ìyẹn gbé mi dé. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo pa láṣẹ, àṣẹ ẹ̀gbọ́n sì ni: má ta gìtá yẹn. Bí ẹni tó fẹ́ rà á bá dé, sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ní kó máa padà lọ. Bó bá jiyàn, fún un ní àdírẹ́sì mi. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́, áyọ́ọ̀nù mi sì máa ń gbóná.

Kí ọwọ́ rẹ má rọ, kí etí rẹ má di. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o ṣe iṣẹ́ fún ẹni tí kò ní pè ọ́ lórúkọ. Ẹnu tó fi orúkọ rẹ pamọ́, ẹnu náà ni yóò pè é síta. Bàbá wa àti ìyá wa á máa gbọ́ ọ níbi tí wọ́n wà. Máa sùn dáadáa, sì máa gbé fóònù.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tó gbé ọ pọ̀n, tó ju bàtà lu ògiri rẹ, tó sì ń fi ọ́ yangàn,

Ìyá Alágbàfọ̀.

Àfikún: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa kí n tó tún já a. Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yà níbí wá gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó ní òun gbé orin rẹ sí wọ́ọ̀dù láàárọ̀ yìí, ó rọra ń lọ. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ti kọjú sí ògiri láti ọjọ́ mẹ́rin, kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ní orin kejì ló yí ojú padà. Ó ní, "Ta ló ń ta gìtá yẹn?" Nọ́ọ̀sì sọ orúkọ rẹ fún un, odindi rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ bàbá wa. Ó ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Bàbá náà wá yí sí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ó sọ orúkọ rẹ fún òun náà. Nọ́ọ̀sì ní kò ṣì í pè.